Ọkọ̀ Tó Mọ Ìkúnlẹ̀ Ni Kí Wọ́n Rà Fún Wa

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni, èyí tí olóṣèlú kì í dé ọ̀dọ̀ wa kó má ṣèlérí rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn máa fi bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà Kétu sí Pobè, sí Sakété, sí Àjàṣẹ́. A á pàtẹ́wọ́, a á jó, a á gbé wọn relé. Kò sí ẹni tó ń dìde béèrè pé, "Irú bọ́ọ̀sì wo?"

Ìbéèrè yẹn gan-an la fẹ́ béèrè, a ò sì ní fi epo bọ ọ́ lẹ́nu. Bọ́ọ̀sì tí ìyá arúgbó kò lè gùn, tí ẹni tó ń lo àga onítáyà kò lè wọ̀, tí aboyún ní láti di ẹni ẹlẹ́ni mú kó tó lè gbé ẹsẹ̀ sókè, kì í ṣe bọ́ọ̀sì ìlú. Bọ́ọ̀sì àwọn tí orúnkún wọn ṣì le ni. Owó gbogbo wa ni wọ́n máa fi rà á, gbogbo wa ló sì gbọ́dọ̀ gbé. Bí kò bá lè gbé gbogbo wa, kí wọ́n má rà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí nǹkan ṣe rí, torí ẹni tó jókòó sí Kútọnu lè má mọ̀ ọ́n. Láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, bíi 30 kìlómítà ni. Láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, ó tó bíi 55. Àwọn àgbà wa rántí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Kútọnu bọ̀, tó ń gba Àjàṣẹ́, tó ń gba Sakété, tó fi ń parí ìrìn rẹ̀ ní Pobè, 107 kìlómítà gbáko. Fèrè rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Ohun tó kù fún wa ni taksí, bàṣé àti zẹ́mì. Àwọn ará wa Fọ̀n tó sọ zẹ́mì lórúkọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi kíákíá." Ó ń gbé ni kíákíá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá lè la ẹsẹ̀ méjèèjì gun ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Taksí ńkọ́? Èrò mẹ́rin lẹ́yìn, èrò méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́, níbo ló máa na ẹsẹ̀ sí? Ẹni tó bá ní àga onítáyà, wọ́n á so àga náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tàbí kí wọ́n gbé e sórí, wọ́n á sì gba owó ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: owó ẹrù lórí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn!

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Pobè ju bó ṣe kan ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní Pobè níbí ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn Buruli wà, èyí tí àjọ Raoul Follereau ń ràn lọ́wọ́. Ẹ mọ àrùn náà: ó ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré tí kì í dunni, ó sì ń jẹ awọ àti ẹran ara títí tó fi di egbò ńlá. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 pọ̀ nínú àwọn tó ń mú. Ẹni tó bá tètè débẹ̀, oògùn ọ̀sẹ̀ 8 sábà máa ń tó o. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé, ọ̀bẹ ni, wọ́n á gé awọ ibòmíràn bo ojú egbò, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ló ń bá a lọ. Ní oṣù March 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ń dà láàmú péjọ sí Kútọnu níhìn-ín, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí wọ́n tètè máa rí aláìsàn, kí wọ́n tètè máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò lè gun ọkọ̀ ṣe máa tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà?

Nígbà tí ìwòsàn bá parí ńkọ́? Àwọn kan jáde pẹ̀lú orúnkún tó ti gan, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Láti gbogbo ẹkùn wa ni wọ́n ti ń wá, àwọn kan tiẹ̀ ń ti Nàìjíríà sọdá wá. Dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ṣe tiwọn. Ìṣẹ́jú tí aláìsàn bá kọjá ẹnu géètì, ọwọ́ àwa ará ìlú ló bọ́ sí. Kí la sì gbé kalẹ̀ fún un níbẹ̀? Zẹ́mì. Ìyẹn ni ìtìjú wa, ẹ má jẹ́ ká fi aṣọ bò ó.

Bọ́ọ̀sì wo wá la ń sọ? Bọ́ọ̀sì alájà kan ni, tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókè. Ilẹ̀ inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga sí ojú títì, bíi 32 sẹ̀ǹtímítà ni, ìyẹn bíi gíga àpótí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé nídìí ààrò. Ẹ fi wé bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ lè ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà, tí èrò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn bíi mẹ́ta kó tó rí ìjókòó. Bí bọ́ọ̀sì tuntun yìí bá dúró, awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì kan, afẹ́fẹ́ á jáde nínú àwọn àpò rọ́bà tó gbé ọkọ̀ dúró lápá ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ á sì rọra tẹ̀ sílẹ̀ bíi 7 sẹ̀ǹtímítà sí i. Ìkúnlẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn ń pe ìyẹn. Ọkọ̀ ń kúnlẹ̀ kí àgbà tó wọlé! Bí irin bá mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣé mẹ́rì tiwa ló wá yẹ kó má mọ̀ ọ́n?

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣí síta bí afárá, tí àga onítáyà á yí gorí rẹ̀ wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e. Nínú ọkọ̀, ààyè kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àga náà. Ìlànà Bìrìtéènì ní kí ààyè ọ̀hún gùn tó 130 sẹ̀ǹtímítà, kó sì fẹ̀ tó 75. Ìjókòó àgbàlagbà àti aboyún wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Àwọ̀ ọ̀pá ìdìmú hàn gbangba kí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lè rí i. Agogo tí èrò ń tẹ̀ bó bá fẹ́ sọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Kò sí idán níbẹ̀. Àròjinlẹ̀ lásán ni, pé kí ẹni tó ń ya ọkọ̀ rántí ìyá rẹ̀ nígbà tó ń yà á.

Bí ẹnì kan bá wá fi àwòrán bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ti Lọ́ńdọ̀nù hàn yín, ẹ má jẹ́ kí ó wọ̀ yín lójú. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní gun òkè. Ẹ̀ka igi àti wáyà iná tó so rọ̀ lójú ọ̀nà wa kò sì ní jẹ́ kó rìn. Alájà kan ló bá wa mu.

Ṣé àánú la wá ń tọrọ? Rárá o. Òfin ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 11 December 1990, ní apá rẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ti sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti bójú tó aláàbọ̀ ara àti àgbàlagbà. Ní ọdún 2012, Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, apá kẹsàn-án àdéhùn náà sì dárúkọ ọkọ̀ èrò ní tààrà. Kò tán síbẹ̀. Ní 29 September 2017, òfin tiwa fúnra wa jáde, òfin 2017-06, tó wà fún ààbò àti ìgbéga ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Òfin mẹ́ta rèé. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín síwá tì yín sẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ Kútọnu ni. Láti ìgbà òfin 97-029 ti 15 January 1999 ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀ tó ń kó èrò nínú kọmúùnù ti wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé kọmúùnù lọ́wọ́. Òfin 2021-14 tó jáde ní December 2021 tún ètò mẹ́rì tò: akọ̀wé àgbà tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ń náwó, olórí mẹ́rì àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ṣọ́ bó ṣe ń ná an. A ti mọ ilẹ̀kùn tó yẹ ká kàn. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀, kò fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ wo Èkó, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ní March 2008 ni wọ́n ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS, 22 kìlómítà. Ọdún 2011 ni Èkó tó ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá, ó sì di January 2019 kí ti gbogbo Nàìjíríà tó jáde. Ní Èkó, ọkọ̀ ló ṣáájú òfin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òfin ló ṣáájú ọkọ̀. Ará Èkó lè ṣe àwáwí pé a ti ra ọkọ̀ kí òfin tó dé. Àwíjàre wo la máa rí wí?

Síbẹ̀, a mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n á ní, "Àwọn aláàbọ̀ ara ò kúkú pọ̀." Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà láyé ló ní ìpèníjà ara tó lágbára. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2013, Pobè lé ní 120,000, Sakété lé ní 110,000. Ká tiẹ̀ dín in kù gan-an, ká ní ẹnì kan nínú ogún ni láàárín wa, ó ti lé ní 11,000 ènìyàn. Ẹ ò rí wọn lójú títì? Ẹ ò lè rí wọn, torí kò sí ohun tó máa gbé wọn jáde. Ẹni tí wọ́n há mọ́lé ni wọ́n tún ń sọ pé kò pọ̀ níta! Ẹ tún wá ka àwọn yòókù mọ́ ọn: àgbàlagbà, aboyún, ìyá tó pọn ọmọ tó tún gbé gàrí tàbí garawa epo lọ́wọ́, ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lána lórí zẹ́mì. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ arọ ni, kí ó má gbàgbé pé orí ọkàn nínú ọ̀nà yìí náà lòun ń gbà.

Wọ́n á ní, "Ẹbí á gbé wọn, àwa Yorùbá kì í pa ara wa tì." Ọ̀rọ̀ dídùn ni, kò sì jóòótọ́ tó. Ẹbí ń gbé, àmọ́ ẹbí náà ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ tí ẹbí ò bá sí nílé, ṣé aláìsàn ò ní lọ gba oògùn ni? Ṣé ọmọ tó ń lo àga onítáyà ò ní lọ ilé ìwé? Ẹ̀yin bàbá wa tó dé fìlà oyè, ẹ dárí jì wá, a fẹ́ bi yín: ṣé ẹ̀yin máa gbà kí ọmọ ìta kan kó ọwọ́ sí abíyá yín, kó di yín ní ìbàdí mú, kó sì fà yín gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lójú ọjà? Bí kò bá yẹ ìjòyè, kí ló dé tó fi yẹ ìyá opó? Iyì ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń pín bí obì, pé kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan kó má dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n á ní, "Owó dà?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Gbogbo wa la mọ bí ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ṣe kún èbúté Kútọnu. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti gbé òfin jáde pé bọ́ọ̀sì ìgboro tuntun gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún aláàbọ̀ ara. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀sì ìgboro tó ti lo ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n fẹ́ tà fún wa lónìí, ti ní ilẹ̀ rírẹlẹ̀ àti afárá ẹnu ọ̀nà lára kó tó di àlòkù. Kò sí owó kankan tí a máa fi kún un. Ohun tó ń jẹ owó ni kí wọ́n lọ ra bọ́ọ̀sì gíga ti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n gbé e dé, kí ariwo ta, kí wọ́n wá máa wá ajórin tó máa gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá ti ga láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ajórin ò lè sọ ọ́ di kúkúrú.

Bí wọ́n bá sì ń ra àlòkù, kí wọ́n la ojú. Kí wọ́n má ra ti Bìrìtéènì. Apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀, apá òsì náà ni ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọn wà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa tí à ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, àárín títì ni yóò máa sọ èrò sí. Kí wọ́n sì yan afárá tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí. Èyí tó ń lo iná, ọjọ́ tí eruku bá wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó tán. Ti ọwọ́ kò nílò ju okùn ìfà àti ìdè irin lọ, kò sì sí mẹkáníìkì ní Sakété tí kò lè tún un ṣe.

Wọ́n á ní, "Ọ̀nà wa kò dáa, inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa họ ilẹ̀." Èyí nìkan ni àwíjàre tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, a ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ kò yẹ ọ̀nà amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò. A gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Pobè gba Sakété dé Àjàṣẹ́ kì í ṣe ọ̀nà oko. Bọ́ọ̀sì kan wà tí iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé àárín, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Aláàbọ̀ ara àti àgbà á jókòó níwájú, àwọn ọ̀dọ́ á gun ẹ̀yìn. Ìyẹn tó fún ọ̀nà ọlọ́dà wa.

Níbi tí ọkọ̀ gíga bá ti di dandan, ilẹ̀ ni ká gbé sókè. Curitiba ní ilẹ̀ Brazil ti ṣe é kí àwa tó ronú kàn án. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà bọ́ọ̀sì tiwọn. Ní 1991 wọ́n kọ́ àwọn ibùdó tí ilẹ̀ wọn ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, tó fi jẹ́ pé èrò kàn ń rìn wọlé bí ẹni tó ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá ni. Nítòsí wa níbí, Dakar ṣí BRT tirẹ̀ ní January 2024: 18.3 kìlómítà, ibùdó 23, bọ́ọ̀sì oníná 121. Pèpéle ibùdó níbẹ̀ àti ilẹ̀ bọ́ọ̀sì dọ́gba. Ará Dakar ò funfun jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kí wọ́n má bàa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń tẹ̀ lé fún ìdàgẹ̀rẹ̀ àga onítáyà ni pé gíga mítà 1 ń fẹ́ gígùn mítà 12. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ ga 90 sẹ̀ǹtímítà yóò fẹ́ ìdàgẹ̀rẹ̀ tó gùn tó bíi mítà 11 ní gbogbo ibùdó. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń gba ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ ga 32, bó bá kúnlẹ̀, ó ku 25. Bí a bá mọ pèpéle ibùdó sókè ní 15, sẹ̀ǹtímítà 10 péré ló kù tí afárá máa bò. Bíríkìlà tó ń mọ ilé wa lè mọ pèpéle yẹn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iyanrìn wà. Símẹ́ńtì ńkọ́? Nínú kọmúùnù Pobè fúnra rẹ̀, ní Onígbólò, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí Dakar fi owó ńlá ṣe, àwa lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Ohun kan ṣì wà tó ju ọkọ̀ lọ, ìyẹn awakọ̀. Bìrìtéènì ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1995, wọ́n ṣe ìlànà bọ́ọ̀sì ní 2000, wọ́n sì fún àwọn tó ni bọ́ọ̀sì alájà kan di 1 January 2016 láti pé ojú ìlànà náà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ní 2012, ọkùnrin kan tó ń lo àga onítáyà, Doug Paulley, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Leeds, ìyá kan sì ti gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sí ààyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ìyá náà kò sún, awakọ̀ kò ṣe ju kó bẹ̀ ẹ́ lọ, ọkọ̀ sì fi Paulley sílẹ̀. Ó gbé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ títí dé èyí tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Ní 18 January 2017, àwọn adájọ́ ní kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ̀bẹ̀ kó sì dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yé wa: afárá tí awakọ̀ kò bá sọ̀ kalẹ̀ wá ṣí, igi lásán ni. Bí awakọ̀ tiwa bá ń bú ẹni tó ń pẹ́ wọlé, tó ní "ẹ yára, ẹ ń fi àkókò wa ṣòfò," ọkọ̀ kúnlẹ̀ kò kúnlẹ̀, ọ̀kan náà ni.

A sì fẹ́ kí ó yé àwọn tó ń ṣèjọba pé kò síbi tí wọ́n ti gbé ẹ̀tọ́ yìí wá sílé fún ẹni tó sùn. Ní Denver, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní July 1978, àwọn aláàbọ̀ ara 19 fi àga onítáyà wọn dí bọ́ọ̀sì lójú títì, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí bọ́ọ̀sì tí wọn kò lè wọ̀. Ọdún 12 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1990, òfin ńlá jáde fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sùn sójú títì Pobè. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé ní ilẹ̀ yẹn kò dákẹ́. Àwa tí ara wa pé, kí ló dì wá lẹ́nu?

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń béèrè rèé, kò sì ṣòro láti há sórí. Èkíní, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìrajà kí owó tó jáde pé bọ́ọ̀sì èyíkéyìí tí wọ́n bá fi owó ìlú rà fún ọ̀nà wa gbọ́dọ̀ jẹ́ alájà kan, tí iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀, tó ń kúnlẹ̀, tó ní afárá àti ààyè àga onítáyà. Ìlérí ẹnu kì í ra ọkọ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni ẹni tó ń tajà ń gbé wá. Èkejì, kí wọ́n mọ pèpéle sí iwájú ilé ìwòsàn, sí ẹnu ọjà, sí ilé ìwé àti sí mẹ́rì, ní Pobè àti ní Sakété, kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń gba àgbà àti aláàbọ̀ ara sínú ọkọ̀, kí ẹni tó bá kọ̀ wọ́n sílẹ̀ sì fojú ba ìjìyà. Ẹ̀kẹrin, kí owó ẹrù lórí àga onítáyà di èèwọ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ọkọ̀. Kí ọ̀kan nínú wọn yí àga rẹ̀ wọlé níṣojú wa gbogbo. Bí kò bá wọlé, kí wọ́n má buwọ́ lùwé.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ọwọ́ yín ni apá tó wúwo jù wà. Ààfin yín ni olóṣèlú ń kọ́kọ́ yà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lójú yín ló ti ń ṣèlérí, obì yín ló ń jẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ ti gbà. Bí ẹ bá béèrè, wọn ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ni. A ò ní kí ẹ bá wọn jà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sí wọn níwájú. Ẹ̀yin ìyálọ́jà náà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé wọn lé èjìká, ẹ bi wọ́n lójú agbo. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n máa ra bọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé: láti ojú títì dé ilẹ̀ bọ́ọ̀sì yín, sẹ̀ǹtímítà mélòó ni? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn, kò tíì ronú kan ìyá wa.